Ajá Kì í Ṣe Àgádágodo

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré, kí ó fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí pé owó wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí ọmọ ènìyàn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbẹ̀rù olè àti ti ajínigbé ti gbilẹ̀ ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹni tó ń gbé ní Oro-Ago tàbí ní abúlé oko tó yí i ká, tí ó ní àká àgbàdo, ewúrẹ́ mélòó kan àti ọ̀kadà kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jẹ̀bi bí ó bá ronú pé òun yóò ra ajá. Ẹni tí ọ̀bọ ń jẹ àgbàdo rẹ̀ lóko, tí ọ̀yà ń gé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lulẹ̀, òun náà kò jẹ̀bi. Àwa kò kọ̀wé yìí láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ajá. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra ajá bí ẹni ń ra àgádágodo. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ti san owó rẹ̀ tán, tí àwọn sì ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ỌDẸ MỌ̀

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn baba wa tó jẹ́ ọdẹ. Nílẹ̀ Ìgbómìnà, bí ọdẹ bá ń lọ sí igbó, tí ajá rẹ̀ ń sáré níwájú rẹ̀, a máa wu ènìyàn. Ẹni tó ń wòran yóò rò pé bí wọ́n ṣe bí ajá náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdẹ yóò ti mú ajá náà láti kékeré, yóò ti fún un lórúkọ, yóò ti jẹ́ kí ó mọ ohùn òun, yóò sì ti jẹ́ kí ó máa tẹ̀lé àgbà ajá lọ sóko títí tí yóò fi mọ ohun tí a ń lé àti ohun tí a kì í fọwọ́ kàn. Ọmọ ajá a máa kọ́ ìṣe lára àgbà ajá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn ti ń kọ́ ìṣe lára ẹ̀gbọ́n.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gbogbo wa la máa ń pa òwe yìí fún ọmọ tó ya aláìgbọràn. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Òwe náà fi yé wa pé fèrè kan wà, àti pé ajá ti mọ fèrè náà tẹ́lẹ̀. Ta ni ó fi fèrè náà kọ́ ọ? Ọdẹ ni. Ẹni tí kò fọn fèrè fún ajá rẹ̀ rí, kò yẹ kí ó bínú lọ́jọ́ tí ajá náà kò bá dá a lóhùn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn èrò tí ènìyàn máa ń ní nípa ajá wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. "AJÁ YÓÒ MÁA ṢỌ́ ILÉ, ÈMI YÓÒ MÁA SÙN"

Iṣẹ́ tí ajá mọ̀ ọ́n ṣe jù ni pé kí ó tètè gbọ́, kí ó tètè gbóòórùn, kí ó sì gbó. Etí ajá àti imú rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ fíìfíì. Bí àlejò bá ń bọ̀ lóru, ajá yóò mọ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ṣùgbọ́n gbígbó ajá, ìpè ni. Bí kò bá sí ẹni tó máa jẹ́ ìpè náà, asán ni. Onílé tí ajá rẹ̀ gbó lóru, tí ó kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà tí ó ní "Ajá yìí tún ti bẹ̀rẹ̀," onítọ̀hún kò ní olùṣọ́, ariwo ni ó ní.

Ẹ má sì ṣe rò pé ajá yóò dá àwọn tó gbé ìbọn dúró. Kò lè dá wọn dúró. Olè tó bá mọṣẹ́ sì lè ju ẹran onímájèlé sí ajá tí ebi ń pa. Nítorí náà, ajá kò lè gba ipò ilẹ̀kùn tó lágbára, kò lè gba ipò iná ìta, kò sì lè gba ipò àwọn fijilanté àti àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú. Olùrànlọ́wọ́ wọn ni. Ẹni tó bá fi owó ilẹ̀kùn ra ajá, ó ti fi ẹ̀yìn ilé rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Àwọn kan gbà gbọ́ pé bí a bá so ajá mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí a ń fi ebi pa á, tí a sì ń nà án, yóò gbóná, yóò sì ṣọ́ ilé dáadáa. Ajá bẹ́ẹ̀ kì í mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ onílé. Ìbẹ̀rù ni ó ń bá a gbé, ìbẹ̀rù ni yóò sì mú un bu ẹni tó bá kọ́kọ́ sún mọ́ ọn jẹ. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn tí wọ́n bí i ni ọmọ ajá ń mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ àti ohun tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù. Bí ó bá fi ìgbà yẹn rí àwọn ọmọdé, ewúrẹ́, adìẹ àti ọ̀kadà lójoojúmọ́, yóò bá wọn gbé ní ìrọ̀rùn. Bí ó bá fi ìgbà yẹn wà nínú àgò, wàhálà ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

2. "AJÁ KÒ NÁNI NÍ NǸKAN KAN"

Ọ̀rọ̀ yìí ló kan àwa ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù jù lọ, nítorí pé ìṣirò ni iṣẹ́ wa. Nígbà kan rí, ajá a máa jẹ àjẹkù ọkà àti egungun, a sì máa wá oúnjẹ mìíràn fúnra rẹ̀ kiri ààtàn. Ajá tó ń wá oúnjẹ kiri ààtàn nígbà yẹn náà ni ó ń kó aràn wálé, òun náà ni ó ń lọ pàdé ajá alárùn ní àkìtàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ajá òun máa gbélé, ó di dandan kí ó bọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ lásán. Bí oúnjẹ ajá bá gba 300 náírà lójúmọ́, owó ọdún kan jẹ́ 109,500 náírà. Ajá tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún mẹ́wàá láyé, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nǹkan kò bá tilẹ̀ wọ́n sí i, owó ọdún mẹ́wàá jẹ́ 1,095,000 náírà. A kò tíì ka oògùn aràn, oògùn eégbọn, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọdọọdún, ọ̀já ọrùn, ṣéènì àti owó ọjọ́ àìsàn mọ́ ọn. Kí olúkúlùkù fi iye tí oúnjẹ jẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀ rọ́pò iye tiwa, kí ó sì ṣe ìṣirò tirẹ̀. Yóò rí i pé owó tí a fi ra ajá ni ó kéré jù nínú owó ajá.

Ẹni tó ní abo ajá ní ìṣirò mìíràn láti ṣe. Abo ajá a máa wá akọ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Bí ó bá lóyún, nǹkan bí ọjọ́ 63 péré ni yóò fi bímọ, ó sì lè bí mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn yóò rí ẹni ra gbogbo wọn. Bí olùrà kò bá sí, wọ́n á kó wọn dà sí ìdí ọjà tàbí sí ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn ni wọ́n ń di ajá tí kò ní olówó, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n gba abẹ́rẹ́ tàbí wọn kò gbà. Dókítà ẹran lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ajá kí ó má baà bímọ mọ́. Ẹni tí kò fẹ́ ọmọ ajá, kí ó béèrè iye tó ń gbà kí ó tó mú abo wálé.

3. "AJÁ ÒYÌNBÓ LÓ DÁRA JÙ"

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti ní Ìlọrin a máa mú ajá ńlá wálé fún àwọn òbí wọn: Alsatian àti Rottweiler tó ti ilẹ̀ Jámánì wá, Boerboel tó ti Gúúsù Áfíríkà wá, àti èyí onírun kìjikìji tí a mú láti àwọn òkè Caucasus, níbi tí yìnyín ti máa ń bọ́. Ìrísí wọn ń dẹ́rù ba ènìyàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ajá tí Ọlọ́run fi irun bò nítorí yìnyín, tí a wá so mọ́lẹ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta ní Oro-Ago, ìyà ni a fi ń jẹ ẹ́. Bí kò bá sí ibòòji àti omi tútù ní gbogbo ìgbà, ooru lè pa á.

Ajá ńlá a sì máa jẹun púpọ̀ ju ajá kékeré lọ. Ọmọ ajá tí a rà nígbà tí ó fi ìka wọn wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ọdún kan ààbọ̀ tó pé, ó lè wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Bí ìyá àgbà kò bá lè di okùn rẹ̀ mú, ta ni yóò dì í mú?

Àrùn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní parvo, tí ayé kọ́kọ́ mọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1978. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀ ni ó ń fà, ó sì lè pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ra ọmọ ajá olówó gọbọi láìbéèrè káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni àrùn yìí ti sọ owó wọn di òfo. Ajá abẹ́lé wa, tí àwọn kan ń fojú tín-ín-rín, ti mọ́ ooru wa lára, oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀, etí rẹ̀ sì mú. Fún ilé púpọ̀ ní abúlé, òun gan-an ni ó yẹ, bí olówó rẹ̀ bá lè tọ́jú rẹ̀.

4. "AJÁ MI KÌ Í BU ÈNÌYÀN JẸ"

Kò sí ajá tó ní eyín tí kò lè bu ènìyàn jẹ. Bí ọmọdé bá fa ìrù rẹ̀, bí ó bá gba egungun lẹ́nu rẹ̀, bí ó bá lọ gbé ọmọ ajá níwájú ìyá rẹ̀, tàbí bí ó bá jí ajá lójú oorun lójijì, ajá tó tutù jù lọ lè yí padà. Ajá a máa kìlọ̀ kí ó tó bù jẹ: ara rẹ̀ yóò le gbagidi, yóò yọ eyín, yóò kùn nínú. Àgbàlagbà lè mọ èyí. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọmọ kékeré àti ajá nìkan sílẹ̀ pọ̀, bí ó ti wù kí ajá náà mọ ọmọ tó.

Ẹ rántí àwọn aládùúgbò pẹ̀lú. Nílẹ̀ wa, Mùsùlùmí àti Kristẹni ń gbé pọ̀ nínú agbo ilé kan náà. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tàbí abọ́ àwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sìn wọn gba ajá ọdẹ àti ajá tó ń ṣọ́ oko tàbí ẹran ọ̀sìn láyè. Ẹni tó bá fẹ́ mú ajá wọ agbo ilé, kí ó kọ́kọ́ bá àwọn àgbà ilé sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí a kò sọ ṣáájú ni ó ń di ìjà lẹ́yìn.

5. "AJÁ MI WÀ NÍLÉ, KÒ NÍLÒ ABẸ́RẸ́"

Ibi tí a ti ń bọ̀ láti òkè wá nìyí. Nínú gbogbo èrò tí a ti kà, èyí nìkan ni ó ń pa ènìyàn taara.

Àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ èpè, kì í sì í ṣe oòrùn ni ó ń fà á. Kòkòrò àrùn kan tí ojú kò lè rí ni, inú itọ́ ẹran tó ń ṣàìsàn náà ni ó sì ń gbé. Bí ajá bẹ́ẹ̀ bá bu ènìyàn jẹ, kòkòrò náà yóò gba ojú ọgbẹ́ wọlé, yóò sì máa gba inú iṣan rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ìrìn náà lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba ọdún kan, ṣùgbọ́n oṣù méjì sí mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ara ẹni náà yóò dá ṣáṣá, ọgbẹ́ rẹ̀ yóò ti jinná, yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lọ́jọ́ tí àmì bá yọ, tí omi bá ń bà á lẹ́rù, ó ti pẹ́ jù. Agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ní Éṣíà àti ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín. Nínú 100 ènìyàn tó ń kó o, nǹkan bí 99 ni ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti kó o. Nínú 100 ènìyàn tí ẹran tí a fura sí bá sì bù jẹ, 40 ni ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ọmọ nílé tún ìlà yìí kà.

Ohun tó dunni jù ni pé àrùn náà ní ìdènà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọdékùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, ní abẹ́rẹ́. Ọmọ náà yè. Lórílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, ilé ìwádìí ìjọba lórí àìsàn ẹran tó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá. Ọmọ ajá tó bá pé oṣù mẹ́ta ti tó gbà á. Kí ó tún un gbà lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn náà kí ó máa gbà á gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹran bá ti là á sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ajá tó sì wà nílé nìkan kò bọ́, nítorí pé ajá alárùn kì í béèrè ọ̀nà kí ó tó wọ agbo ilé.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tó bá lá ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ohun tó yẹ kí a ṣe nìyí:

(a) Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, lójú ẹsẹ̀. Omi kẹ̀tù tí ẹnì kan ń dà sí i náà dára.

(b) Ẹ má ṣe fi irun ajá, epo pupa, ata tàbí eérú sí i. Jíjẹ ẹ̀dọ̀ ajá tó buni jẹ kò wo nǹkan kan.

(d) Ẹ gbé ẹni náà lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ. Kí ó gba gbogbo rẹ̀ pé, kí ó má ṣe dúró lójú ọ̀nà nítorí pé ara rẹ̀ yá.

(e) Bí a bá mọ ajá náà, tí a sì lè ṣe é láìséwu, kí a sé e mọ́, kí a ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Kí a máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ajá bá ní àrùn náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ, yóò ti ṣàìsàn tàbí kí ó ti kú kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Ẹ má ṣe pa á jẹ.

(ẹ) Kí a má ṣe tìtorí pé a ń ṣọ́ ajá kí a dá ẹni tí ó bù jẹ dúró sílé.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Dókítà ẹran kò sí ní gbogbo abúlé wa. Bí ẹnì kan bá gbé ajá kan sínú mọ́tò láti Oro-Ago lọ sí Ìlọrin, owó ọkọ̀ lè ju owó abẹ́rẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wúwo fún ẹnì kan kì í wúwo fún ẹgbẹ́. Ohun tí a fi ń ra ajílẹ̀ pọ̀ náà ni a lè fi gba abẹ́rẹ́ pọ̀. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ajá sílẹ̀ àti iye ajá wọn. Kí a dá owó náà jọ. Kí alága kọ̀wé sí ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ẹran ọ̀sìn, kí wọ́n rán dókítà wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí gbogbo ajá ìlú wá gbà á, ti ọmọ ẹgbẹ́ àti ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni a yà sọ́tọ̀ káàkiri ayé fún ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. Ọjọ́ tó dára ni láti mú.

A kò ní kí a lé gbogbo ajá bá. Àwọn onímọ̀ ti fi yé wa pé bí 70 nínú 100 ajá ìlú kan bá ti gba abẹ́rẹ́, tí a kò sì jẹ́ kí ó rẹ̀yìn, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà rìn mọ́. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ ajá yín ń ṣọ́ ọmọ aládùúgbò, tirẹ̀ náà sì ń ṣọ́ ọmọ yín. Àjọṣe nìyẹn, ohun tí a sì tìtorí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ní ti ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yáwó nítorí ajá, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè márùn-ún: Ta ni yóò máa bọ́ ọ nígbà tí mo bá wà lóko? Níbo ni yóò máa sùn, tí òjò àti oòrùn kò ní pa á? Ta ni yóò kọ́ ọ? Èló ni abẹ́rẹ́ àti oògùn rẹ̀ lọ́dún? Ta ni yóò gbà á bí mo bá ṣí lọ sí ibòmíràn? Ẹni tó bá rí ìdáhùn márààrún, kí ó lọ ra ajá, yóò rí ọ̀rẹ́ tòótọ́. Ẹni tí kò bá rí i, kí ó fi owó náà ṣe ilẹ̀kùn.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ni ó ń pa ọ̀bọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ kí ajá pa ọ̀bọ. Kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ bóyá òun ṣe tán láti jẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ ajá ní ìpàdé tó ń bọ̀.